Pípa yàtọ̀ sí pípadé: sleep, hibernate àti shut down, èwo ló bá kọ̀ǹpútà yín mu?

Ọmọ ilé ìwé kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi l'Odogunyan n'Ìkòròdú láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó gbé láptọ́ọ̀pù ẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tára ẹ̀ ń gbóná, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, mo kàn pa á dé lálẹ́ àná ni, kò wá tàn mọ́." Mo so ó mọ́ iná, a dúró díẹ̀, ó tàn, àmọ́ ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀rọ tí ò mọ nǹkan kan nípa àná. Word bá a gba púpọ̀ nínú chapter four ẹ̀ padà torí Word máa ń tọ́jú ẹ̀dà kan fúnra ẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá téèyàn ò bá yí i padà, ṣùgbọ́n SPSS àtijọ́ tó fi ń ṣe analysis, gbogbo èsì tí ò tíì séèfù níbẹ̀ ti lọ ráúráú. Mo bi í pé, "Ṣé o pa á ni àbí o kàn pa á dé?" Ó wò mí títí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣebí ọ̀kan náà ni."

Ọ̀kan náà kọ́ o. Ọjọ́ yẹn ni mo ti ní i lọ́kàn pé màá kọ eléyìí sílẹ̀, torí kì í ṣe ọmọ yẹn nìkan, àwọn àgbà tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Island láràárọ̀ náà ò mọ ìyàtọ̀ ẹ̀, wọ́n á kàn pa ìdérí dé, wọ́n á tì í sínú báàgì, ó parí. Láptọ́ọ̀pù tẹ́ẹ bá pa dé, nǹkan mẹ́rin ló lè ṣe: ó lè ṣe sleep, ó lè ṣe hibernate, ó lè shut down, ó sì lè má ṣe nǹkan kan, kó máa ṣiṣẹ́ lọ nínú òkùnkùn. Ẹ̀yin lẹ máa yàn án. Tẹ́ẹ ò bá yàn án, àwọn tó ṣe é ti bá yín yàn án, sleep sì ni wọ́n máa ń yàn, torí ibi tí wọ́n wà, iná kì í lọ.

Ọjà Sábó

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà Sábó ṣàlàyé ẹ̀. Ohun tẹ́ẹ bá ṣí sójú kọ̀ǹpútà, ìwé tẹ́ẹ ń tẹ̀, táàbù mẹ́tàdínlógún tẹ́ẹ ṣí tẹ́ẹ ò fẹ́ pa, orin tó ń lọ lábẹ́lẹ̀, orí àtẹ ni gbogbo ẹ̀ wà, àtẹ yẹn là ń pè ní RAM. Ìsọ̀ tó wà lẹ́yìn àtẹ, tó ní ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, hard disk tàbí SSD nìyẹn. Orí àtẹ lọwọ́ ti máa ń yá, àmọ́ iná ló gbé àtẹ dúró, bí iná bá ṣe kúrò lábẹ́ RAM báyìí ni gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ di òfo. Ìsọ̀ ní tiẹ̀ ò bá iná ṣe àdéhùn kankan, ohun tẹ́ẹ bá kó síbẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀.

Tẹ́ẹ bá ní kó ṣe sleep, ìyá olójà fi ẹrù sílẹ̀ lórí àtẹ nìyẹn, ó da aṣọ bò ó, ó fi ọmọ kékeré kan àti àtùpà ṣọ́ ọ, ó ní òun ń bọ̀. Tó bá dé, aṣọ nìkan ló máa ṣí, ọjà ti yá. Kọ̀ǹpútà á pajú dé, fáànù á dákẹ́, iná táṣẹ́rẹ́ kan ló kù tó ń lọ sábẹ́ RAM. Epo inú àtùpà yẹn ni bátìrì yín. Tó bá gbẹ, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ilé ìwé yẹn.

Hibernate ní tiẹ̀, ìyá yẹn kó gbogbo ẹrù wọ ìsọ̀, ó sì ya bó ṣe tò ó sórí ìwé, ata níbí, tòmátì lọ́hùn-ún, ó ti ilẹ̀kùn, ó pa àtùpà, ó gbalé lọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ nǹkan kan torí kò sí nǹkan kan lórí àtẹ. Ì báà jẹ́ ọ̀la ló padà, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bó ṣe wà gan-an ló máa tò ó, ẹ ṣáà fún un láyè kó tò ó. Lórí Windows, inú fáìlì ńlá kan tó ń jẹ́ hiberfil.sys lórí C ló máa ń kó o sí, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà á pa iná ara ẹ̀ pátápátá.

Shut down ni kí wọ́n kó àtẹ kúrò nílẹ̀ láìya nǹkan kan sórí ìwé, bílẹ̀ bá mọ́, ẹ̀yin lẹ máa tún un pa. Ó kéré tán, bá a ṣe rò ó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ṣì kù lórí shut down yìí, a máa débẹ̀.

Èwo ló yá, èwo ló ń jẹ bátìrì

Ti pé ó yá, kò sóhun tó lè bá sleep du ú. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ fi ọwọ́ nu ojú, ó ti tàn. Hibernate lórí SSD, lórí èyí tí mo ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ogún kó tó gbé gbogbo nǹkan jáde. Tó bá jẹ́ hard disk onírin tó ń yí kiri nínú, èyí tí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ṣì ń lò, ẹ lè fi omi ka iná kó tó ṣetán, mò ń ṣeré o, àmọ́ ó lè tó ìṣẹ́jú kan tàbí kó lé díẹ̀. Shut down ló pẹ́ jù tẹ́ẹ bá ka gbogbo ẹ̀ pọ̀, torí kì í ṣe títàn nìkan, ẹ tún máa wá Excel yẹn, ẹ tún máa wọ WhatsApp Web, ẹ tún máa rántí ojú ìwé tẹ́ẹ dé.

Ti bátìrì wá ńkọ́? Hibernate ò jẹ nǹkan kan, òun àti shut down, ọ̀kan náà ni níbẹ̀. Sleep ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Lórí tèmi tí bátìrì ẹ̀ ṣì dáa, tí mo bá fi sí sleep ní aago mọ́kànlá alẹ́, tó bá fi máa di aago mẹ́fà àárọ̀, ó máa ti jẹ tó 4% tàbí 6%, èyí ò burú. Ibi tí wàhálà wà ni pé púpọ̀ nínú wa ò ra láptọ́ọ̀pù tuntun, tòkunbọ̀ la rà, bátìrì ẹ̀ sì ti sin ẹlòmíì fún ọdún mẹ́rin ká tó rà á. Kẹ́ẹ tó pinnu ohunkóhun, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter, ẹ wá kọ eléyìí síbẹ̀:

powercfg /batteryreport

Ó máa sọ ibi tó kó èsì sí fún yín, ẹ ṣí i pẹ̀lú Chrome. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DESIGN CAPACITY sí, ẹ wo FULL CHARGE CAPACITY tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ti ọmọ ọjọ́sí, 45,000 mWh ni wọ́n fi ṣe bátìrì ẹ̀, 17,000 ló kù tó lè gbà. Ìyẹn ni pé 100% tó ń rí lójú ẹ̀, ká sọ òótọ́, kò tó 40%. Ẹni tí bátìrì ẹ̀ rí báyìí tó ń fi sleep sùn mọ́jú, tiẹ̀ ti tán, ẹyẹ ò sì ní sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀.

Inú báàgì, láti gàráàjì títí dé Mile 12

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí jù torí ibí ló kan àwa ará Ìkòròdú.

Bọ̀ọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ lápá Marina gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi, tuntun ni, kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ó ní bátìrì ẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ní òun pa á dé ní 91% kóun tó wọ BRT ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wọn dúró ní Mile 12, nígbà tóun fi máa sọ̀ ní TBS, báàgì gbóná lórí itan òun bí ẹni gbé mọ́ín-mọ́ín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, bóun ṣe ṣí i, 38% ló kù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sóhun tó ṣe bátìrì ẹ̀. Sleep tó ń lò ni kì í ṣe sleep tó rò.

Sleep méjì ló wà, wọn ò sì kọ ọ́ sára páálí fún yín. Èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ ń jẹ́ S3, orúkọ yẹn wá látinú ACPI, ìlànà bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lo iná, tí Intel, Microsoft àti Toshiba gbé jáde lọ́dún 1996, òun ni mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan, RAM nìkan ló ń mu iná. Èyí tuntun ń jẹ́ Modern Standby, S0 ni wọ́n máa ń kọ, òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ìsinsìnyí. Wọ́n fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù máa ṣe bíi fóònù, kí ojú ẹ̀ ti kú àmọ́ kó ṣì máa gbọ́ tí ímeèlì bá wọlé, kó máa fa update. Bí ẹni ń tòògbé lórí àga ni, ó dijú, àmọ́ ó ń gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ẹ ń sọ. Tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, kì í jẹ bátìrì púpọ̀, tí sọ́fúwíà kan bá wá kọ̀ tí ò jẹ́ kó sùn, inú báàgì tí atẹ́gùn ò sí yẹn ló máa ti máa ṣiṣẹ́, á máa gbóná, ẹ ò sì ní mọ̀ torí ariwo kọ̀ńdọ́.

Ẹ lè mọ èyí tó wà lórí tiyín. Nínú cmd yẹn náà, ẹ kọ:

powercfg /a

Tẹ́ẹ bá rí Standby (S3) nínú àwọn tó wà, ti àtijọ́ nìyẹn, ẹ máa dúpẹ́. Tó bá jẹ́ Standby (S0 Low Power Idle) lẹ rí, ti tuntun ni, ẹ má fi sleep sínú báàgì tìtorí ọ̀nà jíjìn, hibernate ni kẹ́ẹ lò. Ẹni tó bá fẹ́ rí àrídájú, kó ṣí cmd gẹ́gẹ́ bí Administrator, powercfg /sleepstudy máa fi hàn án ní wákàtí wákàtí, ìgbà wo ló sùn, ìgbà wo ló jí, mélòó ló jẹ. Bí mo ṣe fi ti bọ̀ọ̀dá yẹn hàn án nìyẹn, ó rí i ní pupa pé láti aago márùn-ún àbọ̀ sí aago mẹ́jọ, ẹ̀rọ ẹ̀ ò sùn rárá. Ó ní, "Áà, èmi gan-an ò sùn." Inú bọ́ọ̀sì yẹn náà ni.

Ohun mìíràn tó máa ń jí wọn nínú báàgì ni máòsì aláìníwáyà. Ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù, dongle ẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń bá máòsì sọ̀rọ̀, ṣì wà lára USB, bọ́ọ̀sì wọ kòtò, máòsì mì, kọ̀ǹpútà rò pé ẹ ti dé. Ẹ pa máòsì ní abẹ́ ẹ̀ tàbí kẹ́ẹ yọ dongle. Tẹ́ẹ bá ń wádìí ohun tó jí i gbẹ̀yìn, powercfg /lastwake, àmọ́ nígbà míì kì í sọ nǹkan tó ní láárí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú omi n'Ípakodò tàbí l'Ẹ́bútẹ̀, ọ̀rọ̀ yín fúyẹ́ díẹ̀ torí ìrìn yín ò pẹ́ tó ti orí títì, S3 pẹ̀lú bátìrì tó dáa lè gbé yín dé. Tó bá sì jẹ́ hard disk onírin ni, ẹ dúró kí iná ara ẹ̀ kú tán kẹ́ẹ tó tì í sínú báàgì, hibernate ń kọ nǹkan sí disk lọ́wọ́ nígbà yẹn, tẹ́ẹ bá ń jù ú kiri, irin inú ẹ̀ lè gbá ara wọn.

Àti ọ̀rọ̀ olè: tí wọ́n bá já báàgì gbà lọ́wọ́ yín, èyí tó wà ní sleep ṣì ní gbogbo nǹkan lórí àtẹ, èyí tó wà ní hibernate tẹ́ẹ sì ti tan BitLocker, àgádágodo Windows fún disk, inú ìsọ̀ tó tì pa lẹrù wà. Ẹni tó ń gbé ìwé ilé iṣẹ́ kiri, kó ro èyí mọ́ ọn.

Shut down tí kì í ṣe shut down

Mo ṣèlérí pé mo máa padà síbí. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, ẹ wo nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Up time sí. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń shut down lálaalẹ́, ẹ máa bá 9 tàbí 15 ọjọ́ níbẹ̀. Ó ya yín lẹ́nu? Ó yà mí lẹ́nu náà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ẹ̀rọ mi ló ń purọ́.

Láti Windows 8 ti ọdún 2012 ni wọ́n ti mú nǹkan kan wọlé tó ń jẹ́ Fast Startup. Tẹ́ẹ bá tẹ Shut down, ó máa pa gbogbo ohun tẹ́ẹ ṣí, àmọ́ Windows fúnra ẹ̀, ara tẹ́ẹ ò rí, ńṣe ló máa fi ṣe hibernate kó lè tètè tàn lọ́la. Nítorí náà, àìsàn tó bá wà lára Windows lónìí, printer tí ò gbọ́ràn, Wi-Fi tó ń ṣe bó ṣe wù ú, òun náà lẹ máa bá lọ́la. Restart ní tiẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé shut down ló lágbára jù méjèèjì. Tẹ́ẹ bá fẹ́ shut down tó jẹ́ ojúlówó, ẹ di Shift mú kẹ́ẹ tó tẹ Shut down.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ fi Linux sí ẹ̀gbẹ́ Windows lórí disk kan, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ láàárín àwọn ọmọ LASUSTECH, ẹ pa Fast Startup yẹn. Tí Windows bá wà ní hibernate tí Linux wá lọ kọ nǹkan sínú ìsọ̀ kan náà, àwòrán tí Windows yà sórí ìwé ò ní bá ohun tó wà nílẹ̀ mu mọ́, ibẹ̀ ni fáìlì ti ń bàjẹ́.

Desktop, ẹni tí ò ní bátìrì

Màmá kan tó ń ṣe ìwé ìpè ìyàwó àti ètò ìsìnkú ní òpópónà wa ló bi mí pé, "Ọmọ mi, èmi tí mi ò gbé tèmi lọ síbì kankan ńkọ́?" Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ kàn." Desktop tó wà ní sleep, tíná bá lọ, àtùpà kú lójú ẹsẹ̀ nìyẹn, kò sí epo kankan nínú ẹ̀, ìwé ìsìnkú tẹ́ẹ tẹ̀ títí di ọ̀sán lè lọ.

Ohun tó dáa fún desktop ni hybrid sleep. Ó kó ẹ̀dà ẹrù wọ ìsọ̀, ó sì tún fi ojúlówó sílẹ̀ lórí àtẹ. Tíná ò bá lọ, á jí wàràwàrà bíi sleep. Tíná bá lọ, á gbé ti inú ìsọ̀ jáde bíi hibernate. Windows máa ń tan án fúnra ẹ̀ lórí desktop, kì í tan án lórí láptọ́ọ̀pù, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Control Panel, Power Options, Change plan settings, Change advanced power settings, ẹ wá Sleep, lábẹ́ ẹ̀ lẹ máa rí Allow hybrid sleep. Ẹ rántí pé ìgbà tó bá ti sùn nìkan ló wúlò o, tíná bá lọ nígbà tẹ́ẹ ń tẹ̀wé lọ́wọ́, UPS ló lè gbà yín. UPS náà kì í pẹ́, tó bá ti ń ké fíìn fíìn, kó má jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ kọ́kọ́ sá lọ ṣáná sí, ẹ séèfù, ẹ tẹ hibernate, kẹ́ẹ tó wá máa wá epo.

Ààyè, àti ẹ̀rù tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín nípa SSD

Hibernate ń gba ààyè lórí C, kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí Windows ṣe máa ń tò ó, hiberfil.sys máa ń tó 40% RAM yín, tí RAM bá jẹ́ 8GB, ó máa tó 3.2GB, tó bá jẹ́ 16GB, ó máa tó 6.4GB. Lórí SSD 128GB tó ti fẹ́ kún, ó máa dùn yín. Ìdí nìyẹn tẹ́ẹ ṣe máa ń rí àwọn tó ń kọ́ni lórí WhatsApp pé ẹ kọ powercfg /h off, ẹ máa rí ààyè gbà. Lóòótọ́ lẹ máa rí i, wọn ò kàn sọ fún yín pé hibernate àti Fast Startup ti bá a lọ nìyẹn, pé tí bátìrì bá fẹ́ kú, kò ní ibì kankan tó máa sá gbé ẹrù yín sí mọ́. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ẹ̀ n'Ìkòròdú, kàkà bẹ́ẹ̀ kẹ́ẹ lọ kó fídíò tẹ́ẹ ti wò kúrò ní Downloads.

Wọ́n tún máa ń sọ pé hibernate ń pa SSD. Ẹ jẹ́ ká ṣèṣirò. Ká ní ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ń ṣe é lójúmọ́, tó ń kọ 4GB lẹ́ẹ̀kan, 8GB lójúmọ́ nìyẹn, bíi 3TB lọ́dún. Àwọn SSD 256GB tó wọ́pọ̀, 80TB sí 150TB ni ilé iṣẹ́ wọn máa ń sọ pé èèyàn lè kọ sí i lápapọ̀ kó tó gbó. Ó máa lé lọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n kí hibernate nìkan tó jẹ 80TB tán. Kí SSD tó kú, ìdérí láptọ́ọ̀pù á ti já.

Bẹ́ẹ ṣe máa tò ó

Windows fi hibernate pamọ́, kò sí nínú àwọn tẹ́ẹ máa kọ́kọ́ rí tẹ́ẹ bá tẹ bọ́tìnnì iná. Ẹ lọ sí Control Panel, Power Options, lọ́wọ́ òsì ẹ máa rí Choose what the power buttons do, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ Change settings that are currently unavailable, ẹ wá máàkì Hibernate nísàlẹ̀, ẹ tẹ Save changes. Tí ò bá sí níbẹ̀ rárá, ẹnì kan ti pa á tẹ́lẹ̀, ẹ ṣí cmd gẹ́gẹ́ bí Administrator, ẹ kọ powercfg /h on.

Ojú ewé yẹn náà ni wọ́n ti ń bi yín pé kí ni kó ṣe tẹ́ẹ bá pa ìdérí dé, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì pín in sí, On battery àti Plugged in. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò yìí torí kò pọn dandan kẹ́ẹ mú ẹyọ kan. Tèmi, On battery, hibernate. Plugged in, sleep. Ìdí ẹ̀ ni pé tí mo bá pa á dé láìso ó mọ́ iná, mò ń lọ síbì kan nìyẹn, tó bá sì wà lára iná, mo kàn fẹ́ lọ jẹ dòdò ni, mò ń bọ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ so ó mọ́ iná, ó ń sùn, ẹ lọ sí òde, iná wá lọ ńkọ́? Ẹ ní kó sọ ara ẹ̀ di hibernate lẹ́yìn wákàtí kan tó bá ti wà lórí bátìrì:

powercfg /change hibernate-timeout-dc 60

Ìṣẹ́jú ni 60 yẹn, ẹ lè fi 30 síbẹ̀. Eléyìí ló sàn jù fún ẹni tí ò lè máa rántí.

Àwọn tí bátìrì wọn ti di arúgbó, ẹ tún ṣe ọ̀kan sí i. Nínú Change advanced power settings, ẹ wá Battery, tẹ́ẹ bá rí Critical battery level níbẹ̀, 5% ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ni pé tó bá ku 5% ni Windows tó máa sá kó ẹrù wọlé. Bátìrì arúgbó ò sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀, á wà ní 18%, á fò, ó di òfo, Windows ò rí 5% lójú rí. Ẹ gbé e lọ sí 15%, kẹ́ẹ sì rí i pé Hibernate ló wà ní Critical battery action.

Kẹ́ni kẹ́ni má rò pé hibernate túmọ̀ sí séèfù o. Ọ̀nà àti sá àsálà ni. Ctrl àti S kẹ́ẹ tó pa ohunkóhun dé.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ń lọ sí Island tó ń bọ̀, mo ti sọ tiẹ̀, hibernate, pàápàá tó bá jẹ́ S0.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé tó ní inverter tó dáa, sleep ti tó o, ẹ má fi nǹkan ni ara yín lára, ẹ kàn máa ṣe Restart lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ọmọ ilé ìwé tí bátìrì ẹ̀ ò dé 40%, hibernate lọ́tùn-ún lósì, ì báà wà lára iná ì báà má wà. Bátìrì tuntun ló dáa jù, àmọ́ mo mọ iye tó jẹ́, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tó ń lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì, shut down tòótọ́, pẹ̀lú Shift, kó sì yọ wáyà kúrò lára ògiri torí iná tó bá padà dé lójijì máa ń burú.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń lo Mac, ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Láptọ́ọ̀pù Apple máa ń kó ẹ̀dà wọ ìsọ̀ fúnra ẹ̀ tó bá ń sùn, tí bátìrì bá tán, á gbé e jáde látibẹ̀. Ẹ ò ní rí bọ́tìnnì hibernate kankan níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a.

Ọmọ ọjọ́sí padà wá lọ́sẹ̀ kejì, inú ẹ̀ dùn, ó ní òun ti ń lo hibernate báyìí, nǹkan kan ò sọnù mọ́, ẹyọ ohun tó kàn ń yọ òun lẹ́nu ni pé láti àná tóun ti gbé e jí, Wi-Fi ò rí nǹkan kan mọ́. Mo ní kó ṣe Restart. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo ti pa á mo ti tàn án bí ẹ̀ẹ̀mẹta." Mo ní, "Restart ni mo wí."